A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àti ní ìgbìmọ̀ ìlú ni a sábà máa ń pa òwe yìí, nígbà tí àwọn kan bá fẹ́ dá ẹjọ́ ẹni tí kò sí ní ìjókòó, tàbí tí wọ́n fẹ́ pín ohun tí olóhun kò tíì dé láti gbà. Ẹnu wa ti mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé pé ọ̀rọ̀ orí gan-an àti abẹ gan-an ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, mo fẹ́ kí a dá òwe náà padà sí ilé rẹ̀, èyíinì ni orí àga onígbàjámọ̀. Nítorí mo ti fi ojú mi rí i pé ó ṣeé ṣe kí olórí jókòó gbagidi sí orí àga, kí ojú rẹ̀ là, kí ẹnu rẹ̀ sì máa sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kí a fá orí náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọbìnrin ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Peckham tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí rẹpẹtẹ, ó sì wá ṣe ọdún Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí ó dé, bí a ti ń mu ògì tí a sì ń jẹ àkàrà lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò gẹ irun mi." Mo ní kò burú. Mo bi í irú èyí tí ó fẹ́. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ bí ẹni ń nu tábìlì, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ibẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka mẹ́ta fa ìlà láti iwájú orí kọjá àtàrí títí dé ìpàkọ́, ó ní kí wọ́n dá ibẹ̀ nìkan sí, kí ó ga, kí ó sì dúró ṣánṣán. Ogbe àkùkọ ni ó ń ṣàpèjúwe fún mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò mọ ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà kí n tó fẹ̀yìntì, kò sì sí bí ẹni tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí pátákó ìkọ̀wé ṣe lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó má bèèrè pé kí ni àwọn ará ìjọ yóò wí. Mo bèèrè. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá àgbà, wọ́n á ní irun mi mà dára o." Mo rí i pé n kò ní rí i mú níbẹ̀.

Ìgbà tí ó wá jókòó tì mí tí ó ń ṣàlàyé ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí ó dédé sọ sí i lọ́kàn lójijì. Ọdún méjì gbáko ni ó ti ń dá irun rẹ̀ sí nítorí àrà yìí. Ní Lọ́ńdọ́nù, ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó kan tí irú àrà bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Obìnrin tí ó bá níbẹ̀ fi orí ìka kan irun rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan òòrẹ̀, ó sì sọ fún un tìtìjú-tìtìjú pé kò sí ẹni tí ó mọ irú irun bẹ́ẹ̀ í ṣe lọ́dọ̀ wọn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Títí di ọdún 2021, ènìyàn lè kọ́ iṣẹ́ irun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó gba ìwé ẹ̀rí, kí ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù, láì fi ọwọ́ kan irun adúláwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìlànà iṣẹ́ náà kọ, tí wọ́n fi irun tiwa kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ni ó bá lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Peckham. Àwọn wọ̀nyí mọ irun náà bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Wọ́n lè dì í, wọ́n lè kó o, wọ́n lè bà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ ohun tí ó fẹ́, ìyá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù gbé òòyà sílẹ̀, ó ní, "Irun tó dáa báyìí? Ta ni màmá ẹ? Fún mi ní nọ́ńbà fóònù wọn." Báyìí ni ọmọ náà ṣe wà láàárín méjì. Àwọn tí wọ́n mọ àrà náà kò mọ irun rẹ̀; àwọn tí wọ́n mọ irun rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ nípa àrà náà. Ó wá gbé orí rẹ̀ wá sí Ìbàdàn.

Ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́kọ́ lọ kò jìnnà sí ilé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọmọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ kò ṣe ìkà. Ó ní àga tí ń yí, ó ní kílípà mẹ́rin tí ó so mọ́ iná, ó sì lẹ àwòrán orí bí ọgbọ̀n mọ́ ògiri. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ọdún." Ó yíjú sí ọmọ mi, "Àǹtí, kí la fẹ́ ṣe?" Ọmọ náà, tí Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán, wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó rò pé yóò kárí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Pọ́ńkì." Ojú ọmọkùnrin náà tàn. "Pọ́ńkì? Àǹtí, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń bọ̀!" Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo fa ìwé ìròyìn mi yọ.

Ibẹ̀ gan-an ni orí ti di fífá lẹ́yìn olórí, nítorí pọ́ńkì méjì ni ó wà láyé, ọ̀kan kò sì mọ èkejì rí.

Pọ́ńkì tí ọmọ mi ní lọ́kàn, Lọ́ńdọ́nù ni ó ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin aláriwo, wọ́n sì ń kóra jọ ní òpópónà King's Road, níbi tí Vivienne Westwood àti Malcolm McLaren ti ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ojúlé 430. Wọ́n fa aṣọ ya, wọ́n fi píìnì so ó, wọ́n sì gé irun wọn ságaṣàga bí ẹni pé eku ni ó jẹ ẹ́. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí 1980, àwọn kan nínú wọn ti ń fá ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì, tí wọ́n sì ń dá àárín sí. Irun òyìnbó kì í fẹ́ dá dúró bí tiwa, nítorí náà wọ́n ń fi omi ṣúgà, ọṣẹ àti funfun ẹyin mú un le. Mohican ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mohawk ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, èyí tí í ṣe orúkọ ẹ̀yà kan tí ó ti wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé ibẹ̀. Ẹ sì wo bí orúkọ ṣe ń ṣi ènìyàn lọ́nà: àwọn Mohawk gan-an kò ṣe irun bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa fa irun orí tu, wọ́n a sì dá ìwọ̀nba díẹ̀ sí ní àtàrí lápá ẹ̀yìn. Àwọn Pawnee, tí ilé wọn jìnnà sí ti Mohawk gidigidi, ni wọ́n ní èyí tí ó jọ ogbe. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944 pàápàá, kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ń fi párákúùtì balẹ̀ tó fò sí ilẹ̀ Faransé, àwọn kan nínú wọn fá orí wọn bẹ́ẹ̀ lọ sí ogun, láì mọ̀ pé orúkọ ẹlòmíràn ni àwọn ń pè é.

Pọ́ńkì ti Ìbàdàn jẹ́ ọmọ bàbá mìíràn. Orúkọ òyìnbó náà wọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n orí mìíràn ni ó bà lé. Lọ́dọ̀ àwọn onígbàjámọ̀ wa, ẹni tí ó bá ní kí a gẹ pọ́ńkì fún òun, ohun tí ó ń wí ni pé kí a dá gbogbo òkè orí sí, kí a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì, kí a sì gẹ ẹ̀gbẹ́ àti ìpàkọ́ mọ́lẹ̀. Àrà tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe ní àwọn ọdún 1980 ni, tí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà rí lórí Grace Jones àti lórí olórin ẹgbẹ́ Cameo.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò pẹ́. Ọmọkùnrin náà ti fi òòyà gbé irun náà sókè, ó gbé kílípà lé iwájú orí, ó ń tẹ́ ẹ. Ọmọ mi ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, kò rí ara rẹ̀ dáadáa nínú dígí. Èmi ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí ó gbọ́ ìró kílípà ní òkè orí dípò ẹ̀gbẹ́ ni ó kígbe. Irun tí ó gùn tó íǹṣì mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Irun orí ènìyàn a máa hù tó ìdajì íǹṣì lóṣù kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni ó bọ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọkùnrin náà di kílípà mú lókè, ó ń wò mí. "Bàbá, pọ́ńkì ni wọ́n pè." Òótọ́ ni. Pọ́ńkì ni wọ́n pè. Mo sanwó, ọmọ náà fi ìborùn wé orí, a sì padà sílé láì bá ara wa sọ̀rọ̀. Kò sunkún ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró di ìgbà tí ó wọ yàrá ìyá àgbà rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀, èyíinì ni ọmọ mi obìnrin, pè láti Lọ́ńdọ́nù. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní Ọlọ́run ni ó gba ibẹ̀ yẹn dá a dúró, pé irú irun bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àṣà wa. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gún mi lára. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ogbe àkùkọ. N kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi irọ́ tọ́ ọmọ.

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, yóò rántí àwọn ìlàrí Aláàfin Ọ̀yọ́. Ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìdajì orí wọn ni wọ́n máa ń fá, tí wọn yóò sì fá ìdajì kejì nígbà tí ó bá tún kàn. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi abẹ kan àtàrí, níbi tí wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ sí. Irun ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí ó gùn, tí wọ́n ń dì, tí wọ́n sì ń fi aró pa nígbà mìíràn. Láti ara irun tí a là yìí ni Johnson ti fa ìtumọ̀ orúkọ wọn yọ. Orí tí a fá bẹ́ẹ̀ dà bí lẹ́tà: kí ìlàrí tó la ẹnu, ẹni tí ó rí i ti mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ pàápàá a máa jẹ́ ọ̀rọ̀ ọba, bí Mádaríkàn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe forí gbárí pẹ̀lú ẹni tí ó rán an.

Àwọn oníṣàngó ńkọ́? Ọkùnrin gìrìpá pẹ̀lú irùngbọ̀n, tí ó di irun bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Àwọn ọmọ tí a fá orí wọn tí a dá aáso sí ńkọ́? Àwọn ìyá wa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú onílé gogoro tí ó ga ju fìlà lọ. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, kí ó sì tó kú ní 2014, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí ó ti yà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún. Kí ènìyàn wo wọ́n tán kí ó wá sọ fún mi pé àjèjì ni irun tí ó dúró ṣánṣán. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ta ni nínú yín tí kò tíì fi bí ènìyàn ṣe gẹ fìlà mọ ẹgbẹ́ tí olúwarẹ̀ wà, kí ó tó ya ẹnu? Ohun tí ẹ̀yin ń fi fìlà sọ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń fi irun sọ.

Mo to gbogbo èyí fún ọmọ mi lórí fóònù. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà lẹ̀ ń sọ báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mú sísọ́ọ̀sì lọ sórí ìlà?"

N kò lè sá fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí áfúrò gbòde, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé-ìwé kan a máa dúró ní iwájú ìlà àwọn ọmọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ tí irun rẹ̀ bá ga ju bí a ti fẹ́ lọ, a ó fi àlùmọ́gàjí la ọ̀nà kan sí àárín orí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ojú lè tì í títí yóò fi délé lọ fá gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù a sì máa fi rẹ́rìn-ín. A kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ọmọkùnrin kan wà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé náà, irun rẹ̀ ta kókó-kókó. Mo pè é ní ọ̀bùn. Bí mo ti di orí rẹ̀ mú, ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ wá. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí tíṣà ọmọ rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé dàdá ni ọmọ náà, pé owó ohun tí àwọn yóò ṣe kí abẹ tó kan orí rẹ̀ ni òun àti bàbá rẹ̀ ṣì ń tu jọ. Ó wá ibi tí irun náà bọ́ sí nínú yẹ̀pẹ̀, ó ṣà á sínú ìdí ìró rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. Ẹ lè gba ti dàdá gbọ́, ẹ sì lè má gbà á gbọ́. Èmi alára kò mọ èyí tí mo gbà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa orí ara rẹ̀, mo sì ní kí ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Accra pàṣẹ kí Achimota School gba àwọn ọmọkùnrin Rasta méjì tí ilé-ìwé náà ti kọ̀ nítorí irun wọn. Mo ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tí ó kúnlẹ̀ kí mi kò ní ilé-ẹjọ́ kankan lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kejì, a gbé orí tí wọ́n gẹ dé ìdajì náà lọ sí apá Mọ́kọ́lá, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí yóò tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Olóòlà ni bàbá rẹ̀, tí ó ń fárí, tí ó ń kọ ilà, tí ó sì ń dá abẹ́ fún ọmọ. Láti kékeré ni òun ti ń gbé àpò abẹ tẹ̀lé e. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó pa kílípà. Ó fa àpótí kan wá, ó jókòó sí iwájú ọmọ náà. Ọmọ mi tún ti fẹ́ la ẹnu. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọmọ mi, má pe orúkọ rẹ̀ fún mi. Fi ọwọ́ hàn mí níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ó fi hàn án. "Níbo ni ó parí sí? Ní ìpàkọ́ ni, àbí ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn?" Ó fi hàn án. "Báwo ni ó ṣe fẹ̀ tó?" Ọmọ náà ní ìka mẹ́ta. Bàbá náà ní, "Ìka tìrẹ ni, àbí ìka tèmi?" Ọmọ mi wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ọwọ́ bàbá náà tí ó dà bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Ti òun ni.

Ó wá kan ẹ̀gbẹ́ orí. Ibí yìí ni mo ti rí i pé nọ́ńbà wúlò ju orúkọ lọ. Eyín ike tí wọ́n ń fi sí ẹnu kílípà ní nọ́ńbà lára, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì: nọ́ńbà 1 a máa dá irun sí ní nǹkan bí mìlímítà 3, nọ́ńbà 2 ní mìlímítà 6, nọ́ńbà 4 ní ìdajì íǹṣì, nọ́ńbà 8 ní íǹṣì kan gbáko. Ẹni tí ó ní kí a gẹ òun "mọ́lẹ̀ díẹ̀" kò tíì sọ nǹkan kan. Ọmọ mi ní nọ́ńbà 1. Bàbá náà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́kọ́ fi nọ́ńbà 4 kọjá níbẹ̀ kí ó wò ó nínú dígí, nítorí láti 4 ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ sí 1, ṣùgbọ́n kò sí àkàbà tí a lè fi gun òkè padà.

Gígùn àárín ńkọ́? Ọmọ náà ní kí ó gùn tó ìka àárín òun. Bàbá náà mú fọ́nrán irun kan, ó fà á títí ó fi nà tán, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Irun náà ká padà sí ìdajì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ìdajì. "Èwo nínú méjèèjì ni ò ń wí?" Ìbéèrè yìí kò lè wá sí ọkàn ẹni tí irun tí ó nà gbọọrọ nìkan ni ó mọ̀. Ọmọ mi fi àwòrán kan hàn án lórí fóònù, ti ọmọbìnrin òyìnbó kan. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Irun ẹlòmíràn nìyí. Kí ni o fẹ́ràn nínú rẹ̀? Gíga rẹ̀ ni, àbí bí ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ dà?" Kò sí ẹ̀yìn nínú àwòrán náà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, pátákó tí wọ́n fi ọ̀dà kun orí sí ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀, àléébù kan náà ni ó sì ní: iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ni ó ń fi hàn, ìpàkọ́ ẹni a sì máa jẹ́ ti ẹni tí ó mú abẹ.

Ó ku ibi tí ti àná bà jẹ́. Bàbá náà fi òòyà gbé e, ó ní, "Iwájú yìí kò ní ga mọ́ títí di ìgbà òjò. Bí a bá jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní kúkúrú láti iwájú, kí ó máa ga bọ̀ títí dé àtàrí ńkọ́? Tí o kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, máa wí." Ọmọ mi ronú. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ọmọ ilé-ìwé tí ń ka àkọ́sórí, ó fi eyín òòyà la ìlà méjèèjì sórí, ó ní kí ọmọ náà wọ gíláàsì rẹ̀ kí ó wò ó. Ìgbà tí ó gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ó tó tan kílípà. Mo wo aago mi: ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni ọ̀rọ̀ sísọ gbà, gígẹ̀ gba ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.

Mo bi í níbi tí ó ti kọ́ irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ bàbá òun ni. "Bàbá Tíṣà, ẹni tí wọ́n gbé ọmọ fún pé kí ó kọ ilà sí lójú, tí kò bèèrè bóyá pélé ni tàbí àbàjà, kí ni yóò wí nígbà tí ojú bá jinná?" Mo rántí pé nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, mo ti fún àwọn ọmọ ní àròkọ lórí "Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé" ní àìmọye ìgbà. N kò fún wọn ní "Bí mo ṣe fẹ́ kí a gẹ irun mi" rí.

Nígbà tí ó parí, ó gbé dígí kékeré kan sí ẹ̀yìn orí ọmọ náà kí ó lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀; ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn náà ni ó tọrọ bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ gbogbo nọ́ńbà náà sílẹ̀, ìka mẹ́ta, láti ibi báyìí dé ibi báyìí, ó ní òun yóò mú un lọ fún àwọn tí Lọ́ńdọ́nù. Ó ní kí n bá òun kọ èkejì ní Yorùbá fún ìyá tí ó wà ní Peckham. Mo kọ ọ́.

Bàbá náà gbá ilẹ̀, ó gbọn aṣọ, ó sì na ọwọ́ sí àga. "Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin ńkọ́?" Mo jókòó. Mo ní kí ó gẹ̀ ẹ́ bí ó ti máa ń rí. Ó ní, "Báwo ni ó ti máa ń rí, sà?" Mo ní kí ó gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Mọ́lẹ̀ títí dé ibo?" Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gbé orí yìí kiri, tí àwọn ènìyàn sì ń gẹ̀ ẹ́ fún mi, mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ọmọ-ọmọ mi dúró sí ẹ̀yìn àga, ó tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ kan irun ẹ̀bátí mi, ó wò ó dáadáa, ó sì sọ fún bàbá náà pé, "Nọ́ńbà 2 ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi 4 wò ó."